Ọ̀rọ̀ Ìtọ́nisọ́nà Fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kà yìí, ẹnu ni mo kọ́kọ́ fi sọ ọ́ níwájú àwọn olùkọ́, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn aṣáájú ìjọ tí wọ́n pé jọ sí Ìkẹ́rẹ́ láti Ìsẹ̀, láti Èmùré àti láti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ náà lè rí i kà. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, àfi ibì kan tàbí méjì tí ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rò fún yín.

Ní ọjọ́ ìkórè kan ní ìjọ tí mo ń bójú tó, a pe ènìyàn ńlá kan láti wá ṣe alága. Ọkùnrin náà dìde, ó fẹ́ gbà wá níyànjú, ó sì sọ pé Bíbélì wí pé Ọlọ́run a máa ran ẹni tó bá ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ ní inú Ìwé Òwe ni ó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ̀ pé kò sí nínú Ìwé Òwe, kò sì sí níbòmíràn nínú Bíbélì látòkè délẹ̀. Kí ni èmi pásítọ̀ ṣe? Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìsìn parí, mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, mo bá a gbé àpò tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ rere tí ó sọ, lẹ́yìn náà ni mo wá rọra sọ ọ́ fún un lẹ́bàá etí, bí ẹni pé èmi gan-an ni mo ṣì í sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ṣeun o, mi ò ní tún un sọ mọ́." Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ìsìn tiwọn. Arábìnrin kan tí ń ránṣọ ní Èmùré ni wọ́n yàn láti wàásù. Kò wàásù rí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ilé-ìwé, ó sì ń kà á, ìwé náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Fílípì, ó ní Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ń kọrin ní ọ̀gànjọ́ òru. Pọ́ọ̀lù àti Sílà ni. Mo wà lórí àga mi níwájú. Mo dìde, mo gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Sílà ni o, sísítà. Bánábà ti bá tirẹ̀ lọ. Ẹ máa ka Bíbélì yín dáadáa kí ẹ tó gun orí pẹpẹ." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo dá gbohùngbohùn padà fún un, ṣùgbọ́n kò sí ohùn mọ́ tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ó ka ìlà mélòó kan sí i, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà kò gun orí pẹpẹ mọ́, nígbà tó sì yá, kò wá sí ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àwọn méjèèjì lé orí ìwọ̀n. Èyí tí alága ṣì sọ tóbi ju ti arábìnrin yìí lọ, nítorí pé ó fi ohun tí Ọlọ́run kò sọ sí Ọlọ́run lẹ́nu. Orúkọ ènìyàn lásán ni ti arábìnrin. Síbẹ̀ alága ni mo fi ọ̀wọ̀ bò, arábìnrin ni mo tú sí gbangba. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a kò mọ bí a ṣe ń fi ọgbọ́n bá ènìyàn wí. A mọ̀ ọ́n tinútẹ̀yìn. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ tí ó bá jẹ́ kọmíṣọ́nnà, tàbí olórí ilé iṣẹ́, tàbí ẹni tó bá ìjọ ra ẹ̀rọ amúnáwá. Ọmọ ẹni tí kò lẹ́nìkan, ọmọọ̀ṣẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ kò rí owó oṣù tó kọjá san, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì ní orúkọ, òun ni a kì í rí ọgbọ́n yẹn lò fún. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni mo kà á sí. Ẹgbẹ́ wa ń sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù tí wọn kò san àti ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ opó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a tún lè rẹ́ ènìyàn jẹ láìmú kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi náà ti jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rí. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ ìjọba, díplómà polí ni mo mú wọlé, mo sì bá àwọn tí wọ́n ti yunifásítì dé níbẹ̀. Ọ̀gá àkọ́kọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ ní kí n kọ lẹ́tà kan tí yóò lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Mo kọ ọ́. Ó fi báírò pupa kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí wọ́n bi ẹni tó kọ èyí léèrè ilé-ìwé tí ó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ ohun tí mo ń wí: ohun tí a bá kọ sínú fáìlì kì í kú. Fáìlì náà kọjá lórí tábìlì bíi mẹ́fà. Akọ̀wé kà á, ẹni tó ń gbé fáìlì kiri kà á, àwọn tí a jọ gba iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà kà á. Ẹni tó bá ṣí fáìlì náà lónìí yóò tún kà á. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ohun tí mo ṣì kọ nínú lẹ́tà náà títí di òní olónìí, nítorí pé kò sọ ọ́.

Nígbà tó yá wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Obìnrin ni ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀, màmá kan tí kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Pẹ́ńsù ni màmá yìí máa ń lò. Bí mo bá kọ lẹ́tà tán, yóò pè mí wá síwájú tábìlì rẹ̀, yóò ní kí n ti ilẹ̀kùn, yóò wá fi pẹ́ńsù fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn kan, yóò ní, "Ta ni yóò ka èyí? Kí lo fẹ́ kí ó ṣe lẹ́yìn tí ó bá kà á tán? Níbo lo ti sọ ọ́ fún un?" Mo bá wò ó, mo rí i pé lóòótọ́, mi ò tíì sọ ohun tí a ń fẹ́. Èmi fúnra mi ni n óò tún un kọ. Kí fáìlì náà tó gòkè lọ, yóò fi rọ́bà pa gbogbo àmì pẹ́ńsù rẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé mo ṣì í kọ rí. Ọdún méjì ni mo lò lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa lẹ́tà kíkọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tó wà láàárín àwọn ọ̀gá méjèèjì yìí ní ọ̀rọ̀ kan, báírò àti pẹ́ńsù ni n óò sọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ìsẹ̀ wàyí. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn pé pásítọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ agbẹ́gilére. Ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe òrìṣà ni mo fẹ́ sọ, iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ẹ mọ Ọlọ́wẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó gbé dàgbà tí ó sì ti ṣiṣẹ́, ní ààfin Arínjàlẹ̀, títí ó fi kú ní ọdún 1938. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ wa níbí. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí. Ilẹ̀kùn kan tí ó gbẹ́ Ògògà sí lórí àga, tí ó sì gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ tí wọ́n gbé bọ̀ wá kí i, àwọn òyìnbó gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní ọdún 1924. Nígbà tí wọ́n rí i, wọn kò fẹ́ dá a padà mọ́. Wọ́n fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà, ilẹ̀kùn náà sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di ìsinsìnyí. Bóyá pààrọ̀ náà dọ́gba tàbí kò dọ́gba, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Èmi ní èrò tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni bí iṣẹ́ igi ṣe ń lọ. Àlùfáà Kátólíìkì kan tí ń jẹ́ Kevin Carroll ṣe ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́, ní apá àríwá Èkìtì wa, láti ọdún 1947 sí 1954. Ó kó àwọn agbẹ́gilére jọ láti máa gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ìjọ Ọlọ́run. George Bandele, ọmọ Arẹ́ógun ará Ọ̀sí, jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bandele. Ìran agbẹ́gilére ni Fákẹ́yẹ, ó ti ń gbẹ́ igi nílé bàbá rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, síbẹ̀ ó tún jókòó gẹ́gẹ́ bí ọmọọ̀ṣẹ́. Òun ni ó wá gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn ńlá yunifásítì Ifẹ̀, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn káyé kí ó tó kú ní ọdún 2009.

Carroll kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1967 pé ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére ń tẹ̀ lé. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé: àáké ni wọ́n fi ń gé igi, tí wọ́n ń fi ibi tí orí yóò wà, ibi tí ara yóò wà àti ibi tí ẹsẹ̀ yóò wà hàn. Èkejì ni àlétúnlé: ojú, etí, ọwọ́ àti oyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ̀kẹta ni dídán: wọ́n ń fá a kí ó jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín: ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń fín irun, ilà àti ọ̀nà ara aṣọ.

Ẹ wá wo ọ̀gá tó dúró ti ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá wà níbi ọnà lílé, kí ni ọ̀gá yóò máa wò? Bóyá orí tóbi ju ara lọ ni. Kò ní bá a sọ̀rọ̀ pé igi náà rí gbágungbàgun. Bí yóò ṣe máa rí nìyẹn! Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ dídán fún ẹni tó wà níbi ọnà lílé, ń ṣe ló ń da ọmọ ọlọ́mọ láàmú. Ní ìdà kejì, bí ọmọ náà bá ti dé ibi fínfín, tí ọ̀gá wá kígbe pé orí ti kéré jù, àǹfààní wo ló wà níbẹ̀? Igi tí àáké ti gé kò ṣe é lẹ̀ padà. Ọ̀gá tó dákẹ́ níbi ọnà lílé tó wá ń pariwo níbi fínfín, òun ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ.

Èyí gan-an ni mo ṣe sí arábìnrin ará Èmùré yẹn. Ó kọ ìwàásù rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mo pè é pé, "Sísítà, mú un wá kí n bá ọ wò ó." Mo fi àáké sílẹ̀ fún un, mo lọ jókòó, ìgbà tí igi ti di ère níwájú gbogbo ènìyàn ni mo wá dìde. Bí mo bá ti kà á lọ́jọ́ Ẹtì, ìṣẹ́jú kan péré ni a ó fi pa Bánábà rẹ́ tí a ó sì fi Sílà sí i.

Ohun mìíràn tún wà níbi iṣẹ́ igi yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè sì wà lára ibi tí ó dé. Ó ń gbé ère síwájú àwọn ènìyàn, kì í ṣe agbẹ́gilére nìkan, ó ń bi wọ́n pé èwo ló dára jù, kí sì ni ìdí rẹ̀. Ó kọ èsì wọn jáde ní ọdún 1973. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ gígún, pé ère náà dúró ṣánṣán tàbí ó wọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ dídán. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìfarahàn, pé ojú àti ìka ọwọ́ hàn ketekete. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ jíjọra, pé ó jọ ènìyàn dé ìwọ̀n tó yẹ. Amẹwà ni wọ́n ń pe ẹni tó mọ irú èyí wò. Àgbẹ̀ tí kò gbẹ́ igi rí lè tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kí ó sì dárúkọ rẹ̀.

Mo bẹ yín, ìgbà wo ni ẹ gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn lẹ́nu àwa ọ̀gá? "Kò dáa." "Tún un ṣe." "O ò mọ nǹkan kan." Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, ìbínú ni. Ọmọ tí ẹ sọ pé kò dáa fún, kò mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè dárúkọ àṣìṣe náà, ẹ̀yin fúnra yín kò tíì rí i; ẹ dákẹ́, ẹ tún un wò. Bí ẹ bá sì rí mẹ́wàá, ẹ mú ọ̀kan tó ṣe pàtàkì jù níbi tí iṣẹ́ dé. Mo mọ̀ pé èyí kì í rọrùn fún wa. Àwa Èkìtì ń fẹ́ kí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mọ̀ pé a rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì péré ni ọmọ náà ní.

Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé a kì í fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀, pé "ìwọ" ni àwa ń pe gbogbo ènìyàn láti ọba dórí ìjòyè. Èmi ò tijú rẹ̀. Ìyá mi àgbà kò lo "ẹ" fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú, mi ò sì rí ẹni tó mọ ọ̀wọ̀ ènìyàn jù ú lọ. Ẹni tó fẹ́ fi "ẹ" gún ènìyàn lọ́bẹ ń bẹ. Ọ̀rọ̀ mi sí arábìnrin yẹn, ṣebí "ẹ" ló wà níbẹ̀?

Inú Bíbélì náà, ẹ rántí Ápólò ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejìdínlógún. Ó dé Éfésù, ó mọ̀rọ̀ sọ, ó gbóná nínú ẹ̀mí, ṣùgbọ́n ìrìbọmi Jòhánù nìkan ni ó mọ̀. Pírísílà àti Ákúílà wà nínú sínágọ́gù, wọ́n gbọ́ ọ. Wọn kò dìde láti jà á gba ọ̀rọ̀. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un síwájú sí i. Mo ti wàásù lórí rẹ̀ nígbà púpọ̀ kí ohun méjì kan tó hàn sí mi. Èkíní, oníṣẹ́ ọwọ́ ni tọkọtaya yìí, wọ́n ń pàgọ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ran awọ tàbí aṣọ mọ ohun tí àṣìṣe ń náni, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí a tọ́ka sí i. Èkejì, nígbà tí Ápólò fẹ́ kọjá sí Ákáyà, àwọn ará kọ lẹ́tà fún un pé kí wọ́n gbà á dáadáa. Àtúnṣe wà, ìwé ẹ̀rí sì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti tún ènìyàn ṣe tán, àṣìṣe rẹ̀ ni a óò máa bá a gbé kiri láti ìlú dé ìlú.

Ẹ̀yin olùkọ́ ńkọ́? Láti ọdún 1977 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ti wà ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tí ó ti di yunifásítì báyìí tí wọ́n sì fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà, gómìnà Òndó àtijọ́ tí í ṣe ọmọ ìlú yìí, pè. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ti ń wọ àwọn ilé-ìwé wa láti wá dán ọwọ́ wò. Ẹ ti rí wọn: bàtà dídán, nóòtù ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ìwé aláràbarà bò, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Olùbẹ̀wò jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé máàkì. Ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó, ó ṣì í kọ. Kí ni ṣíṣe?

Àwọn kan yóò ní kí a dákẹ́, kí a má dójú tì í. Mi ò fara mọ́ ọn. Ogójì ọmọ ló ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ sínú ìwé, ọmọ mẹ̀kúnnù ni wọ́n, kò sí olùkọ́ mìíràn nílé tí yóò bá wọn tún un ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ wa náà, ìrẹ́jẹ ni. Mo ti rí ọ̀gá tí kò bá ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ wí fún odindi ọdún mẹ́ta, tí gbogbo ènìyàn ń pè é ní ènìyàn jẹ́jẹ́. Ọmọ náà gba fíríídọ̀mù, a jó, a jẹ ìrẹsì, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Oṣù mẹ́fà kò pé tí àwọn oníbàárà fi sá lọ. Ojú ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń sọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kò sọ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Mo mọ olùkọ́ àgbà kan tí ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa sórí ìwé pélébé, tí yóò rìn kọjá bí ẹni tó ń wo ìwé àwọn ọmọ, tí yóò fi í sórí tábìlì. Ọmọ olùkọ́ náà yóò rí i, yóò yíjú sí pátákó, yóò ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká tún èyí kọ." Òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe lójú àwọn ọmọ, ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò sì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí agogo bá lù tán ni wọn yóò wá jókòó sí abẹ́ igi láti sọ ìyókù. Ìbéèrè ni bàbá yìí fi máa ń bẹ̀rẹ̀: "Ibo ni ìwọ fúnra rẹ rò pé ó ti dùn jù? Ibo ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ?" Ó ní nínú ọmọ mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àṣìṣe náà, iṣẹ́ tirẹ̀ á wá kù bí a ṣe lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ fi kún un kí n tó padà sí Èmùré, nítorí pé ó máa ń tan àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ. Kì í ṣe gbogbo ohun tó yàtọ̀ sí tiwa ni àṣìṣe. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ yóò rí i pé ère ara ilẹ̀kùn rẹ̀ yọ síta gan-an, àwọn orí kan tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára pákó tán, wọn kò rí pẹlẹbẹ bí ti àwọn yòókù. Ẹ rò ó wò bí ọ̀gá kan bá ti dúró tì í pé, "A kì í gbẹ́ ẹ báyìí, gé e kúrò." Kí ẹ tó la ẹnu, ẹ bi ara yín léèrè bóyá iṣẹ́ náà ló bàjẹ́ ni, àbí ojú yín ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ó pé oṣù mẹ́ta kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù arábìnrin náà. Mo ti ń purọ́ fún ara mi pé iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Pásítọ̀," ó gbé àga fún mi, ó ní kí n má bínú, òun fẹ́ parí nǹkan kan. Ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ kan wà níwájú tábìlì, ọmọ bíi ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí aṣọ oníbàárà, ó di sísọ́ọ̀sì mú. Arábìnrin náà wò ó. Ó ní, "Dúró. Wo ọrùn." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà wò ó títí, ó gbé tépù, ó wọ̀n ọ́n, ó fi ọwọ́ nu ìlà ṣọ́ọ̀kì kúrò, ó sì fa òmíràn. Arábìnrin náà ní, "Ẹn-ẹ́n. Gé e."

Mo ní mo wá bẹ̀ ẹ́ ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sọ ti alága ọjọ́ ìkórè náà fún un, nítorí pé ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà, òótọ́ ni. Sílà ni. Ṣùgbọ́n mo ti gé aṣọ tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

Mi ò ní èsì kankan. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì ní n óò bẹ̀ ẹ́ níwájú ìjọ náà, níbi tí mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé wọn yóò tún rántí ni. Mo gbọ́ tirẹ̀ nínú èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi kò balẹ̀ sí i.

Kò tíì padà sórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ó ti gbà láti máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó rán ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ yẹn sí mi pẹ̀lú ìwé tí ó kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sí. Ojú ewé mẹ́rin ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí ohun mẹ́ta tí mo lè sọ. Mo wá pẹ́ńsù, mo fa ìlà kékeré sí abẹ́ ọ̀kan, mo kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ká ìwé náà, mo fi rán ọmọ náà padà kí ilẹ̀ tó ṣú.